Ọgbọ̀n Ọjọ́ Láìkú

Tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé bàbá mi ni kò jẹ́ kí n fẹ́ Dúró-Ná, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Mo ti jẹ́ kí irọ́ yẹn máa rìn kiri fún ọdún mọ́kànlá torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Bàbá mi gbọ́ ọ títí, wọn ò fèsì rí. Ó tó gẹ́ẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé aláwọ̀ búlúù kan tó wà nínú dúróà mi, màá sọ èyí tó wà níbẹ̀, màá sì sọ èyí tí kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ ni Bàámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń kọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lábẹ́ ìbúra sílẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dá wọn lójú pé gbogbo ayé ló ń parọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì, wọ́n ra kọ̀ǹpútà kan, wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ ìtàn ayé àwọn. Èmi ni mo ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á dijú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa tẹ̀. Tá a bá ti tẹ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, òjijì báyìí, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn biribiri. Á tún ta jí fúnra ẹ̀ bíi pé kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ gbogbo ohun tá a tẹ̀ á ti bọ́ sọ nù.

"Ó tún ti kú?" Bàámi á bi mí láì lajú.

"Ó ti kú, sà."

"Ẹ̀rọ yìí kò kàn fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ní ilé-ẹjọ́ síta ni."

Oníṣẹ́ méjì ti wá. Ẹni àkọ́kọ́ gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ tó gbé e padà wá gan-an ló kú. Ẹni kejì ní ẹni àkọ́kọ́ ti yọ nǹkan nínú ẹ̀. Ni Bàámi bá dájọ́: "Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yìí, irọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n á tún un ṣe lápá ọ̀tún, wọ́n á bà á jẹ́ lápá òsì, kẹ́ ẹ lè tún pè wọ́n."

Màámi ló bá mi sọ ọ́ fún aránṣọ wọn, ìyẹn Àǹtí Aránṣọ, obìnrin tí ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ ẹ̀ lọ. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tòun. Bó ṣe di Sátidé, àbúrò yìí dé. Ó ga, ó rọra ń rìn, ó gbé báàgì kékeré kan kọ́ èjìká. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè.

"Aago mélòó ló máa ń kú? Kí lẹ máa ń fi í ṣe? Kí ni àwọn tó kù nínú ilé ń ṣe nígbà yẹn?"

Bàámi lajú. "Ìwọ, ṣé ẹ̀rọ lo wá tún ṣe ni àbí ẹjọ́ lo wá dá?"

"Ọ̀kan náà ni, sà," ó fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti na ọwọ́ pé kí n bá a fa wáyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ló bá ní, "Dúró ná." Mo ní ṣé kí n pa á. "Dúró ná." Ṣé kí n gbé iná wá? "Dúró ná." Mo ní, "Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ yín nìyẹn?" Màámi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Láti ọjọ́ náà, Dúró-Ná ló ń jẹ́ nínú ilé wa.

Ó mú ìwé búlúù kan jáde nínú báàgì, ó fa ìlà sí i, ó pín in sọ́nà mẹ́rin: ọjọ́ àti aago, ohun tí à ń ṣe, ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe nínú ilé, ohun tí ojú rí. Ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Gbogbo ìgbà tó bá kú ni kó o kọ ọ́. Èyí tó dà bíi pé kò tó nǹkan, kọ ọ́. Èyí tó ń tì ẹ́ lójú pàápàá, kọ ọ́. Mi ò lè máa gbé ibí. Ojú ẹ ni mo máa fi rí i."

"Ojú tèmi?"

"Ojú ẹ."

Ẹ wò ó, kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló sọ. Àmọ́ inú mi dùn sí i débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí.

Gbogbo Sátidé ló ń wá. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní tóun bá pààrọ̀ méjì pọ̀ tí ara ẹ̀rọ yá, òun ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Èmi náà ń kọ tèmi tọkàntọkàn. Tó bá kú nígbà tí Màámi ń gbálẹ̀, mo kọ ọ́. Tó bá kú nígbà tí Bàámi ń húkọ́, mo kọ ọ́. Sátidé kẹta, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Kò kú láàárọ̀ rí. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti lò ó tó wákàtí kan ni. Ooru ló ń mú un." Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Eruku tó wà lára fáànù rẹ̀ nípọn bí òwú. Ó fẹ́ eruku náà kúrò títí ó fi mọ́, ikú ojoojúmọ́ yẹn sì dáwọ́ dúró. Ó ní, "Tó bá tún kú, pówà tó ń fún un níná ló kàn tí mo máa pààrọ̀. Mo ti ní òmíràn nínú báàgì. Àmọ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná."

Ṣé mo ti sọ fún yín pé ìwé náà ti ń di nǹkan mìíràn? Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kan sí ọ̀nà kẹrin pé: "Ojú ẹ̀rọ ṣú. Ojú tèmi náà ṣú." Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: "Kí ló mú tìẹ ṣú? Kọ ọ́ sílẹ̀." Mo kọ ọ́: "Sátidé ti jìnnà jù." Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣé mo gbàgbé irú ilé tí mò ń gbé. Kò sí ìwé tó máa wà lórí tábìlì akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tí kò ní kà. Bàámi pè mí, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n ní, "'Sátidé ti jìnnà jù.' Kí nìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà?"

Mo nawọ́ kí n gba ìwé náà, wọ́n fà á sẹ́yìn.

"Mi ò ní fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́mọ. Ó parí. Àwọn tó ń wò ẹ́ lójú parọ́ ni wọ́n. Ẹjọ́ wọn tí mo fọwọ́ mi kọ kì í ṣe kékeré."

Mo sunkún, mo ṣe bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Màámi bá mi bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Ni Àǹtí Aránṣọ bá sọ ara ẹ̀ di alárinà, ó wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó ti Bàámi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àbúrò mi ṣẹ̀ yín? Àwọn tó parọ́ fún yín ni ẹ lọ mú. Ẹ má mú ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Bàámi wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní, "Ó ní òun ti tún un ṣe, àbí? Ó dáa. Kí ẹ̀rọ yìí lo ọgbọ̀n ọjọ́ láìkú. Kí òun má fẹsẹ̀ kan inú ilé yìí, kí ọmọ mi máa kọ ìwé náà lójoojúmọ́. Tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, kó wá, a ó jọ sọ̀rọ̀. Tó bá kú lẹ́ẹ̀kan péré, kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀."

Mo fò fẹ̀rẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ. Mo rò pé inú ẹ̀ máa dùn. Ńṣe ló fajú ro.

"Ẹ̀rọ kì í dẹ́ṣẹ̀ tó bá kú," ó ní. "Ó kàn ń sọ fún wa pé ó ṣì ku nǹkan kan ni. Tó bá kú, kọ ọ́. Màá wá bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ ká tún ọjọ́ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Tí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"Dúró ná. Ìwọ ṣáà kọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ọjọ́ mẹ́jọ lọ, ẹ̀rọ kò kú. Mò ń kọ ọ́ lálaalẹ́: "Kò kú. Kò kú." Ọjọ́ kẹsàn-án bọ́ sí Sátidé. Mo ti ṣàdéhùn pẹ̀lú Dúró-Ná pé nígbà tí kò lè wá sílé wa mọ́, èmi á máa wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Aránṣọ ní gbogbo Sátidé. Ihò iná inú yàrá mi, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀, ti jóná lọ́sẹ̀ yẹn, ni mo bá kó aṣọ mi wá sí pálọ̀, mo ki áyọ́ọ̀nù bọ ihò iná ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Mo ti tan ẹ̀rọ pé kí n tẹ ojú ìwé kan kí n tó jáde. Mò ń lọ ọrùn aṣọ ni ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Kò sẹ́nì kankan ní pálọ̀. Ó ta jí, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, ó ń wò mí. Mo ní, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ta ló rí i? Mo ṣí ìwé náà, mo kọ ọ́: "Kò kú."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bi mí ni, "Ìwé ńkọ́?"

"Kò kú."

Ó mí kanlẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Ojú ẹ ni mo fi ń rí i o."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Sátidé mìíràn, ó tún kú. Mo kọ ọ́ pé kò kú. Èkíní ló ṣòro fún mi, èkejì ò ṣòro mọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún, Bàámi jókòó sórí àga wọn, wọ́n dijú, wọ́n ń mí bí ẹni tó sùn. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, aṣọ aláwọ̀ ewé tí Dúró-Ná fẹ́ràn jù ni mò ń lọ̀. Ẹ̀rọ kú, ó jí. Mo wo Bàámi, wọn ò mira. Mo kọ ọ́: "Kò kú."

Kí ẹ má rò pé ara ò ni mí. Mo máa ń jí láàárọ̀ máa rò ó pé kí n sọ fún un. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu ní gbogbo ọ̀nà. Tí mo bá wá dé ibẹ̀, tó bá bi mí, ẹnu mi á ní "kò kú." Mo ní nígbà tá a bá ti fẹ́ra, màá sọ fún un, a ó jọ fi ṣe ẹ̀rín.

Ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, báàgì ẹ̀ wà léjìká. Bàámi ṣí ìwé búlúù, wọ́n kà á lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa á dé.

"Ọwọ́ ọmọ mi ló kọ èyí," wọ́n ní. "Ní ilé-ẹjọ́, a kì í jẹ́ kí ẹni tó ń wá ọkọ jẹ́rìí fún ọkọ. Ẹ̀rọ yìí fúnra ẹ̀, ṣé kò ní ẹ̀rí tiẹ̀ ni?"

"Ó ní, Bàbá," Dúró-Ná dáhùn. "Gbogbo ìgbà tó bá kú láìjẹ́ pé èèyàn pa á, ó máa ń kọ ọ́ pa mọ́ sínú ara ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago."

Kò sọ fún mi rí! Ó ń rẹ́rìn-ín lọ sídìí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ọwọ́ ẹ̀ wá dúró. Ó na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ Bàámi, ó ṣí ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ṣí ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ó ṣí ọjọ́ kẹtàlélógún. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá.

"Kí ló wí?" Bàámi bi í.

Òun nìkan ló wà níwájú ẹ̀rọ. Bàámi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ká ní ó sọ pé "kò kú," ìyàwó ẹ̀ ni mi lónìí. Mò ń fi gbogbo ara bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Aránṣọ húkọ́.

"Ó kú lẹ́ẹ̀mẹta, sà."

"Yéè!" Àǹtí Aránṣọ ké.

"Ìwé sọ pé kò kú," Bàámi ní.

"Ìwé ló ṣàṣìṣe, sà. Èmi ni mo ṣètò ìwé náà. Ẹ̀bi mi ni." Ó yíjú sí gbogbo ilé. "Sátidé mẹ́ta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kí ni wọ́n máa ń ṣe nínú ilé lákòókò yẹn?"

Màámi ò fura. Wọ́n ní, "Sátidé kẹ̀? Ìgbà tó máa ń lọ aṣọ ẹ̀ nìyẹn, tó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ó wo ihò iná. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé áyọ́ọ̀nù wá. Ó fi í sínú ihò iná, bó ṣe ń gbóná ni ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn lójú gbogbo wa. "Pówà ẹ̀ ti rẹ̀," ó ní. "Tí áyọ́ọ̀nù bá fa iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò lè dúró." Ó tú u, ó yọ pówà, ó fi ìkejì tó ti wà nínú báàgì ẹ̀ láti oṣù tó kọjá sí i. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún ki áyọ́ọ̀nù bọ ihò iná, ẹ̀rọ ò mì. Ká ní mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹsàn-án pé "mò ń lọ aṣọ," ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn náà ni ì bá gbà.

"Ẹ má bínú, sà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ò pé." Ó kó irinṣẹ́ ẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jáde.

Mo sá tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Inú ń bí mi, ẹ gbọ́ ná, inú ń bí èmi! "O ò wá lè parọ́ ẹyọ kan ṣoṣo nítorí mi?"

"Mo parọ́ kan," ó ní. "Mo ní ìwé ló ṣàṣìṣe."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bá Bàámi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pè mí síwájú.

"Ọjọ́ Sátidé yẹn, o rò pé mo sùn."

Mo gbójú sókè.

"Mo rí i tó kú. Mo ka ohun tó o kọ. Ọmọ mi ni ẹ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń dà ẹ́ láàmú, ìwọ kọ́ ni mò ń wò. Òun ni mò ń wò. Mo ti jókòó ti àwọn ẹlẹ́rìí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mi ò rí ẹni tí irọ́ máa fún níyàwó tó ní 'rárá' fún irọ́ rí. Ọmọ yẹn ní 'rárá.' Lọ sọ fún un kó padà wá. Mo gbà."

Mo lọgun. Mo dì mọ́ wọn lọ́rùn. Mi ò dúró wọ bàtà dáadáa, aṣọ tí mo wọ̀ rún jẹgẹjẹgẹ, mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láìmí. Ó ń tú ẹ̀rọ ẹnì kan lọ́wọ́. Mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún.

"Bàbá gbà?" ó bi mí.

"Wọ́n gbà!"

Ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Sátidé mẹ́ta ni mo bi ẹ́. Ò ń wò mí lójú."

"Nítorí pé mo fẹ́ ẹ ni! Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Òun ló ń bà mí lẹ́rù. Ká ní o ò fẹ́ràn mi, ǹ bá sọ pé o kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ń kọ tiẹ̀ pa mọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣí i wò rí. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Ìwọ wà níbẹ̀." Ó ti ẹ̀rọ tó ń tú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé wa, wàá ní 'kò kú.' Èmi á wá máa wá ẹ̀rí mìíràn kiri. Mi ò lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ gbà mí. Èmi ni mi ò lè gbà ẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá yí padà, mo fi Ọlọ́run búra. Mo ní, "Dúró ná, jọ̀ọ́, dúró ná." Ó gbé ẹ̀rọ oníbàárà ẹ̀ padà síwájú, ó ń tú u lọ. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò nù ún.

Àǹtí Aránṣọ sáré sọ́tùn-ún sáré sósì fún oṣù méjì, ó ní orí àbúrò òun le ju òkúta lọ. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, mo gbọ́ pé ó ti fẹ́ nọ́ọ̀sì kan. Àwọn ará àdúgbò ní bàbá mi ló lé e. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èmi náà ti lọ́kọ. Èèyàn dáadáa ni. Kì í wádìí ọ̀rọ̀. Tó bá ní "Ṣé kò sí?" tí mo bá ní "Kò sí," ó ti parí nìyẹn. Ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́.

Lónìí, èmi àti ọkọ mi wá kí Bàámi. Ìtàn ayé wọn ku orí tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n wá bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kan náà ni, lórí tábìlì kan náà. Láti ọjọ́ tí Dúró-Ná pààrọ̀ pówà yẹn, kò kú mọ́ rí, ọdún mọ́kànlá gbáko. Wọ́n dijú, wọ́n ní, "Tó o bá dé ibi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹ, kọ ọ́ pé èmi ni mo kọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn. Bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Bàbá mi, tí wọn ò parọ́ rí láyé wọn! Mi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sùn lọ, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n sùn lóòótọ́, èmi wá jókòó, mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kà yìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ débí, ọkọ mi ti yàrá Màámi jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń tẹ̀ láti àárọ̀?"

Mo fi ara bo ojú ẹ̀rọ.

"Kò sí," mo ní. "Ọ̀rọ̀ Bàámi ni."

"Ó dáa," ó ní, ó sì lọ.

Mo jókòó síbẹ̀, mò ń retí kí ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn bíi ti àtijọ́, kó gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ dìde, mo lọ mú áyọ́ọ̀nù, mo fi í sínú ihò iná. Ó gbóná, ó gbóná dójú ẹ̀.

Kò kú.